Ohun Tí Ó Wà Lọ́wọ́ Ẹni Ni A Fi Ń Tún Ìlú Ṣe

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-ayé, Àṣàkẹ́-ọ̀run. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Olúwa gbogbo ẹ̀dá. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammadu, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàhábà rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tẹ̀lé wọn ní ọ̀nà rere títí di ọjọ́ ìkẹyìn.



Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ ọmọ ní kéú. Nínú gbogbo ọdún wọ̀nyí, ìgbàkígbà tí wàásù bá kan ọ̀rọ̀ ríran àdúgbò lọ́wọ́, ìdáhùn kan náà ni mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́: “Àáfà, ẹ bá mi ṣe àdúà. Bí Ọlọ́hun bá fún mi lówó, ẹ ó rí ohun tí n ó ṣe fún àdúgbò yìí.” Mo máa ń ṣe àmín sí i, nítorí pé àdúà rere ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi nígbà tí irùngbọ̀n wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù ti di bàbá ọlọ́mọ báyìí. Àwọn mìíràn nínú wọn ti lówó, wọ́n sì tún ń dúró de èyí tí yóò pọ̀ ju ti ìsinsìnyí lọ.

Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí á yẹ ìtàn wò. Ìtàn àwọn mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá ni, ní Èkó, ní Abẹ́òkúta, ní Agége àti ní Ìbàdàn, láti nǹkan bí àádóje ọdún sẹ́yìn. A ó rí i pé ẹni tí ó ní owó fi owó ṣe é, ẹni tí kò ní ju tọ́rọ́ lọ fi tọ́rọ́ ṣe é, ẹni tí ó ní ìmọ̀ fi ìmọ̀ ṣe é. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó dúró de ohun tí kò tíì sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Àpẹẹrẹ Mọ̀dínà

Kí á tó dé Èkó, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ ya Mọ̀dínà, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn tí a fẹ́ sọ ìtàn wọn ti rí àpẹẹrẹ. Ní ọdún 622 tí Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ṣe híjírà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ti Mọ́kà wá kò mú nǹkan kan dání. Wọ́n ti fi ilé àti dúkìá sílẹ̀. Àwọn ará Mọ̀dínà gbà wọ́n sílé, nítorí èyí ni a ṣe ń pè wọ́n ní Ansar, èyíinì ni àwọn olùrànlọ́wọ́. Ànábì wa so wọ́n pọ̀ ní méjì méjì bí ọmọ ìyá. Ìgbà náà ni Sa‘d ọmọ Rabi‘, tí ó jẹ́ ará Mọ̀dínà, fi ìdajì dúkìá rẹ̀ lọ Abdur-Rahman ọmọ Awf. Abdur-Rahman ṣe àdúà fún un, ṣùgbọ́n kò gba dúkìá náà. Ohun tí ó béèrè ni ọ̀nà ọjà. Ó bẹ̀rẹ̀ òwò kékeré, Ọlọ́hun sì fi àlùbáríkà sí i. Ẹ ṣe àkíyèsí àwọn méjèèjì. Ẹni tí ó ní kò háwọ́. Ẹni tí kò ní kò sì sọ ara rẹ̀ di ẹrù.

Nígbà tí wọ́n ń kọ́ mọ́sálásí Mọ̀dínà, Ànábì wa fúnra rẹ̀ bá wọn ru bíríkì. Lẹ́yìn ìgbà náà, obìnrin dúdú kan wà tí ó máa ń gbá mọ́sálásí náà. Kò ní owó, kò sì ní orúkọ láàrin ìlú. Nígbà tí ó kú, àwọn sàhábà sin ín láìsọ fún Ànábì, nítorí pé wọ́n kà á sí ọ̀rọ̀ kékeré. Ànábì kò rí i, ó béèrè rẹ̀. Nígbà tí wọ́n sọ fún un pé ó ti kú, ó ní kí wọ́n fi sàréè rẹ̀ han òun, ó lọ síbẹ̀, ó sì kírun sí i lára. Ìgbálẹ̀ ni ohun tí ó wà lọ́wọ́ obìnrin yìí. Ìgbálẹ̀ náà ni ó sì fi gba irú ọlá tí ọ̀pọ̀ olówó kò gbà.

Ọmọ Sàró tí ó kọ́ mọ́sálásí

Ẹ jẹ́ kí á wá padà sílé. Ẹni tí ó bá gba Martins Street kọjá ní Erékùṣù Èkó yóò rí mọ́sálásí kan tí iṣẹ́ ọnà ara rẹ̀ kò jọ ti ìsinsìnyí. Mọ́sálásí Shitta-Bey ni. Ẹni tí ó kọ́ ọ ni Mohammed Shitta. Yorùbá ni àwọn òbí rẹ̀, lára àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì sì gbà sílẹ̀ lójú omi, tí wọ́n kó wọn lọ sí Sàró. Ní ìlú Waterloo ní Sàró ni wọ́n bí i sí. Ní ọdún 1844 ni ìdílé rẹ̀ padà wá sí Àgbádárìgì, lẹ́yìn náà ni wọ́n wọ Èkó. Ó ṣòwò lójú odò Ọya títí dé ilẹ̀ Tápà: awọ ẹran, obì, ẹ̀gúsí àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Òwò náà gbè é, ó di ọlọ́rọ̀ pàtàkì láàrin àwọn mùsùlùmí Èkó.

Nígbà tí ó fẹ́ kọ́ mọ́sálásí, oníṣẹ́-ọnà tí ó ti Brazil padà wá, João Baptista da Costa, ni iṣẹ́ náà bọ́ sí lọ́wọ́, òun àti ọmọ ilẹ̀ wa kan tí ń jẹ́ Sanusi Aka. Owó tí wọ́n ní ó ná sí i tó £3,000, owó ńlá gbáà ní ayé ìgbà náà. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù keje ọdún 1894 ni wọ́n ṣí i. Gómìnà Gilbert Carter wà níbẹ̀, Ọba Èkó wà níbẹ̀. Abdullah Quilliam, òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì tí ó gba Ìsìláàmù tí ó sì jẹ́ aṣíwájú àwọn mùsùlùmí ìlú Liverpool, ni ó ṣojú fún Sultan Abdul Hamid Kejì ti ilẹ̀ Tọ́kì. Níbẹ̀ ni Sultan ti fi oyè Bey dá Mohammed Shitta lọ́lá. Láti ìgbà náà ni a ti ń pe ìdílé wọn ní Shitta-Bey.

Ní ọdún 1895, ọdún kejì tí wọ́n ṣí mọ́sálásí náà, ni Alàgbà Shitta-Bey jáde láyé. Ẹ̀yin tí Ọlọ́hun fún lọ́rọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé ọdún méjèèjì yìí sọ́kàn. Bí ó bá ní òun yóò ṣe é lọ́dún tí ń bọ̀, tàbí bí ó bá fi í sílẹ̀ fún àwọn ajogún, ta ni ó mọ ohun tí ìbá ṣẹlẹ̀? Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ inú rẹ̀, ó sì fi orí ara rẹ̀ kanlẹ̀ níbẹ̀.

Iṣẹ́ tí mọ́sálásí kan kò lè ṣe tán

Ṣùgbọ́n ìtàn ọjọ́ náà kò parí síbi oyè. Nínú iṣẹ́ tí Sultan rán sí àwọn mùsùlùmí Èkó, ó rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ọmọ wọn kàwé ti òde òní pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ yìí kan ibi tí ń dùn wọ́n. Ní àkókò náà, àwọn mùsùlùmí pọ̀ ju àwọn onígbàgbọ́ lọ ní ìlú Èkó, síbẹ̀ àwọn ọmọ mùsùlùmí kò pọ̀ rárá ní ilé-ìwé.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí á bú àwọn bàbá wa. Wọn kì í ṣe ọ̀tá ìmọ̀. Ilé-kéwú kún ní gbogbo àdúgbò. Ohun tí ó ń bà wọ́n lẹ́rù ni pé ọwọ́ àwọn míṣọ́nnárì ni ilé-ìwé wà. Ọmọ tí ó jáde nílé ní Sùlè lè padà wá sílé ní Sámúẹ́lì. Òbí tí ó fẹ́ kí ọmọ òun kírun sí òun lára lọ́jọ́ ikú kò lè fi ojú fo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rù náà ti lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ tó, èrè rẹ̀ korò. Iṣẹ́ akọ̀wé, iṣẹ́ lọ́yà, iṣẹ́ dókítà àti iṣẹ́ ìjọba bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí ó kàwé. Ọmọ mùsùlùmí a máa gbé ìwé tí ìjọba kọ sí bàbá rẹ̀ lọ sí ilé ẹlòmíràn kí wọ́n tó lè bá a kà á.

Ní ọdún 1896, ìjọba ṣí ilé-ìwé kan fún àwọn mùsùlùmí ní Èkó. Edward Wilmot Blyden, ọ̀mọ̀wé aláwọ̀-dúdú tí wọ́n bí sí erékùṣù St. Thomas tí ó sì ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ ní Liberia, wà lára àwọn tí ó sa ipá lórí rẹ̀. Onígbàgbọ́ ni, ṣùgbọ́n ó gbọ́ èdè Lárúbáwá, ó sì mọ iyì Ìsìláàmù. Wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé Gẹ̀ẹ́sì, wọn kò sì gba Àlùkùráánì lọ́wọ́ wọn. Ní ọdún 1898 wọ́n ṣí òmíràn ní Ẹ̀pẹ́, ní ọdún 1899 wọ́n ṣí ti Àgbádárìgì.

Ilé-ìwé mẹ́ta fún gbogbo ọmọ mùsùlùmí agbègbè náà! Ó dára, ṣùgbọ́n kò tó. Olówó kan ti kọ́ mọ́sálásí, ìjọba ti ṣí ilé-ìwé mẹ́ta, ìṣòro náà sì wà níbẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo àràbà kì í ṣe igbó. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni ń jẹ́ jánmọ́ọ̀.

Kọ́bọ̀, tọ́rọ́ àti sísì

Ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kejìlá ọdún 1923, àwọn ọ̀dọ́ mùsùlùmí kan péjọ ní Èkó, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Wọ́n wo orúkọ tí wọn yóò jẹ́, wọ́n rántí àwọn ará Mọ̀dínà, wọ́n sì pe ara wọn ní Young Ansar-Ud-Deen Society, èyíinì ni àwọn ọ̀dọ́ olùrànlọ́wọ́ ẹ̀sìn. Ohun tí wọ́n dojú kọ jù ni pé kí ọmọ mùsùlùmí lè kàwé láìsọ ẹ̀sìn rẹ̀ nù. Wọ́n sì tún fẹ́ kí àwọn àṣà tí kò bá ẹ̀sìn mu, tí ó ti wọ àárín àwọn mùsùlùmí, kásẹ̀ nílẹ̀.

Kò sí Shitta-Bey láàrin wọn tí ó lè dá £3,000 sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Owó ẹgbẹ́ ni wọ́n ń dá. Bí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe ń lọ ni pé ẹnì kan yóò jẹ́ akọ̀wé, ẹnì kan yóò jẹ́ akápò, wọn yóò yan ọjọ́ ìpàdé, ẹni tí ó bá mú kọ́bọ̀ wá, wọn yóò kọ ọ́, ẹni tí ó bá mú tọ́rọ́ tàbí sísì wá, wọn yóò kọ ọ́. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Láìpẹ́ ọjọ́, ilé-ìwé àkọ́kọ́ wọn dúró ní Alákòró ní Èkó. Lẹ́yìn náà ẹ̀ka ẹgbẹ́ náà ń ràn láti ìlú dé ìlú, ilé-ìwé sì ń tẹ̀lé e.

Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn náà kò káwọ́ gbera. Ẹgbẹ́ Zumratul Islamiyyah bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1926. Nawair-Ud-Deen bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1939. Àwọn Ahmadiyya dá kọ́lẹ́ẹ̀jì tiwọn sílẹ̀ ní Agége ní ọdún 1948. Ohun tí a ń sọ níhìn-ín ni pé ibi gbogbo ni ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ọmọ mùsùlùmí ti ń jẹ àwọn ènìyàn lọ́kàn.

Ní oṣù kìíní ọdún 1955, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀sìn ni ìjọba bá fọwọ́ sowọ́ pọ̀ láti ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Bí kò bá sí ẹgbẹ́ mùsùlùmí tí ó ti ní ilé-ìwé, tí ó ti ní ìgbìmọ̀, tí ó sì ti mọ bí a ti ń bójú tó olùkọ́, kí ni ìbá jẹ́ ìpín àwọn ọmọ wa? Tọ́rọ́ tí wọ́n ti ń dá bọ̀ láti ìgbà pípẹ́ ni ó jẹ́ kí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ fún irú èmi báyìí, tí mo fi lè lọ sí kéú, tí mo sì lè lọ sí ilé-ìwé.

Ẹni tí ìmọ̀ jẹ́ ọrọ̀ rẹ̀

Ọ̀nà mìíràn tún wà. Sheikh Adam Abdullah Al-Ilory, tí wọ́n bí ní ọdún 1917 ní Wasa, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Benin lónìí, kì í ṣe oníṣòwò ńlá. Ìmọ̀ ni ọrọ̀ rẹ̀. Ó kàwé lọ́dọ̀ àwọn àáfà ilé, ó sì dé Íjíbítì. Ní ọdún 1952, ó dá Markaz sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ní ọdún 1955, ó gbé e lọ sí Agége.

Àwa tí a mọ kéú àtijọ́ mọ ohun tí èyí já sí. Ní ayé àtijọ́, orí ẹní ni ọmọ ń jókòó sí pẹ̀lú wàláà lọ́wọ́, àáfà kan ṣoṣo ni ó ń kọ́ gbogbo wọn, ọmọ ọdún mẹ́fà àti ọmọ ogún ọdún. Ní Markaz, kíláàsì wà ní ìpele ìpele, iṣẹ́ ọdọọdún ní ètò, ẹni tí ó bá sì parí yóò gba ìwé-ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ràn jù nínú iṣẹ́ Sheikh yìí ni àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹni tí ó parí níbẹ̀ a padà sí ìlú rẹ̀, a mú bẹ́ńṣì méjì mẹ́ta, a rí bàbá kan tí yóò yọ̀ǹda ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, a sì bẹ̀rẹ̀ ilé-kéwú. Bẹ́ẹ̀ ni ilé-kéwú onípele ṣe tàn kálẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Sheikh Adam jáde láyé ní ọdún 1992, ṣùgbọ́n títí di òní ni àwọn ọmọ, àti ọmọ àwọn ọmọ rẹ̀ nínú ìmọ̀, ń kọ́ ènìyàn. Èyí ni ìmọ̀ tí Ànábì wa sọ pé láádá rẹ̀ kì í dúró lẹ́yìn ikú olówó rẹ̀.

Ọmọ ilé-ìwé àti ìyá ọlọ́jà

Ẹnì kan lè sọ pé, “Àáfà, èmi kò ní owó, èmi kò sì tíì di ọ̀mọ̀wé.” Ìtàn tún ní èsì fún irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1954, àwọn ọmọ ilé-ìwé girama mélòó kan ní Èkó kó ara wọn jọ, wọ́n dá Muslim Students’ Society of Nigeria sílẹ̀, tí a mọ̀ sí MSSN. Ọ̀kan nínú wọn, Abdul-Lateef Adégbìtẹ́, ni ó jẹ́ ààrẹ àkọ́kọ́. Ọmọ ilé-ìwé ni wọ́n. Owó oúnjẹ wọn pàápàá, òbí ni ó ń fún wọn. Ohun tí wọ́n ní ni àkókò, ẹsẹ̀ tí kò rẹ̀, àti ìtìjú tí wọ́n kọ̀ láti ní nítorí pé wọ́n jẹ́ mùsùlùmí láàrin àwọn ẹgbẹ́ wọn. Ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ wá di ti gbogbo orílẹ̀-èdè. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí ni ó kọ́ bí a ti ń ṣe wàásù àti bí a ti ń darí ìpàdé nínú rẹ̀.

Ní Ìbàdàn, ìyá oníṣòwò aṣọ kan wà tí ń jẹ́ Alhaja Humuani Alága. Ilé-ìwé kan tí kì í ṣe ti mùsùlùmí kọ̀ láti gba ọmọbìnrin rẹ̀ nítorí ẹ̀sìn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún. Ìyá mìíràn ìbá sunkún, ìbá ṣépè, ìbá sì gbé ọmọ rẹ̀ jókòó sídìí ọjà. Òun kó àwọn obìnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ Isabatudeen sílẹ̀ ní ọdún 1958. Ní ọdún 1964, ilé-ìwé girama àwọn obìnrin ti Isabatudeen ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ó ti ṣeé ṣe kí ọmọbìnrin tirẹ̀ ti kọjá ọjọ́ orí ẹni tí ń wọ girama nígbà náà. Ọmọ àwọn ẹlòmíràn ni ó ṣí i fún. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ rí i pé ìbínú pàápàá ṣeé tún ìlú ṣe, bí a bá mọ ibi tí a ó darí rẹ̀ sí.

Ibi tí okùn ti já

Kí ni ó wá ṣẹlẹ̀ sí wa? Láàrin ọdún 1970 sí 1980, ìjọba gba ilé-ìwé lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀sìn. Ó ní ìdí tí ìjọba fi ṣe é, n kò sì fẹ́ fi ìwé yìí ṣe ẹjọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ó mú ohun kan bàjẹ́ ní ọkàn wa. Nígbà tí ilé-ìwé jẹ́ tiwa, bí afẹ́fẹ́ bá ṣí páànù kan, bàbá kan yóò gbé àkàbà wá. Nígbà tí ó di ti ìjọba, páànù náà ń fẹ́ lẹ́lẹ́ níbẹ̀, gbogbo wa ń wò ó, a ní ìjọba ń bọ̀. Láti ilé-ìwé, àṣà ìdúró-de-ìjọba ràn dé orí gọ́tà, ó ràn dé orí kànga, ó sì fẹ́ẹ̀ ràn dé orí mọ́sálásí.

Èkejì ni ìnáwó. Àwọn ọ̀dọ́ ọdún 1923 bá àṣà tí kò bá ẹ̀sìn mu jà. Àwa ti gbà á mọ́ra. Mo fẹ́ sọ ohun tí ojú mi rí. Ní ọdún kan, òjò ń ja ilé-kéwú wa. Kíláàsì àwọn ọmọ kékeré ni ó ń jò jù. Bí ó bá ti ṣú, a ó kó wọn lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà, wọn yóò há bí ẹja inú agolo. Mo kéde fún àwọn òbí àti àwọn tí ó ti kàwé jáde lọ́dọ̀ wa. Ìlérí pọ̀. Ní oṣù náà gan-an ni ọ̀kan nínú àwọn tí ó ṣe ìlérí ṣe yìgì ọmọ rẹ̀. Aṣọ ẹbí oríṣi mẹ́ta ni wọ́n dá. Mo wà níbẹ̀, èmi ni mo ṣe àdúà. Owó tí wọ́n ná mọ́ olórin lórí nìkan ìbá kan òrùlé wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ẹni tí ó wá bá wa kan òrùlé náà kì í ṣe ọ̀kan nínú àwọn tí ó ṣe ìlérí. Káfíńtà ni, ó ti kúrò nílé-kéwú wa láìparí nítorí àtijẹ àtimu. Ó wá ní ọjọ́ Àìkú pẹ̀lú òòlù rẹ̀, ó ní, “Àáfà, n kò ní owó páànù, ṣùgbọ́n mo ní ọwọ́.” Àwọn ìyá alákàrà àti oníyẹ̀fun àdúgbò dá owó ìṣó àti páànù. Ọjọ́ Àìkú méjì péré, iṣẹ́ parí. Ojú tì mí díẹ̀, nítorí pé èmi náà ti ń wo ojú olówó láti ọjọ́ yìí wá. N kò rántí ẹni tí ó ní òòlù.

Ohun tí ó kù sí wa lọ́wọ́

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn wa kọ́ wa pé ọ̀ranyàn kan wà tí ó jẹ́ ti gbogbo ìjọ. Bí àwọn kan bá ṣe é, ó ti bọ́ lọ́rùn àwọn yòókù. Bí ẹnikẹ́ni kò bá ṣe é, gbogbo wa ni a jọ jẹ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Òkú wíwẹ̀ àti ìsìnkú wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí ó wà lọ́wọ́ wa lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹni tí ó bá mọ ìwé, kí ó fún àwọn ọmọ àdúgbò ní wákàtí méjì lọ́sẹ̀. Ọmọ tí ń múra fún ìdánwò girama wà ní gbogbo ojúlé, owó lẹ́sìnnì kò sì sí lọ́wọ́ òbí gbogbo. Ẹni tí ó bá mọ Àlùkùráánì kà, kí ó kọ́ àgbàlagbà kan tí ó ń tijú láti lọ jókòó láàrin ọmọdé.

Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ ọwọ́, kí ó ṣe bíi káfíńtà wa. Ẹni tí ń ṣe iná mànàmáná, ẹni tí ń ṣe ẹ̀rọ omi, bíríkìlà, télọ̀: ilé-kéwú àti mọ́sálásí nílò yín ju owó yín lọ.

Ẹni tí ó bá ní ara líle, kí ó lọ kọ́ bí a ti ń wẹ òkú àti bí a ti ń gbẹ́ sàréè. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, àgbàlagbà méjì tàbí mẹ́ta ni ó kù tí ó mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ̀yìn wọn sì ti ń tẹ̀. Kí ó bẹ aláìsàn wò. Kí ó bá àwọn aládùúgbò kó gọ́tà, ìbáà ṣe mùsùlùmí, ìbáà ṣe onígbàgbọ́, nítorí pé àgbàrá òjò kò béèrè ẹ̀sìn kí ó tó wọlé ẹni.

Ẹni tí ó bá ní owó díẹ̀, kí ó máa mú díẹ̀ náà wá lóṣooṣù. Owó díẹ̀ tí kò yẹ̀ ni a fi lè san owó àáfà ilé-kéwú, kì í ṣe owó ńlá tí ó ń wá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún láwọ̀ láwẹ̀jẹ wẹ̀mu. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà, a ń gbọ́ iṣẹ́ rere yín. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fi nǹkan ránṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó wà nílé ohun tí wọ́n nílò. Ẹni tí ń jẹun lórí ẹní ni ó mọ ibi tí ẹní ti ya.

Ẹni tí ó bá mọ ìṣirò, kí ó bá ẹgbẹ́ àdúgbò rẹ̀ kọ ìwé owó. Èyí ṣe pàtàkì jù bí a ti rò lọ. Áyà tí ó gùn jù nínú Àlùkùráánì, nínú Súrà Bákárà, lórí kíkọ gbèsè sílẹ̀ àti ẹlẹ́rìí ni. Ìgbẹ́kẹ̀lé ni ó ń mú tọ́rọ́ jáde lápò ènìyàn. Níbi tí a kò bá ti mọ bí a ti ná ti àná, kò sí ẹni tí yóò mú ti òní wá.

Ìparí

Àwọn ohun tí a ti sọ wọ̀nyí ní ohun kan tí ó so wọ́n pọ̀. Mọ́sálásí Shitta-Bey ṣì wà nítorí pé àwọn kan ń tọ́jú rẹ̀. Ilé-ìwé Ansar-Ud-Deen dìde nítorí pé akápò kọ owó sílẹ̀. Markaz tàn nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ padà sílé. Ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gba láádá tirẹ̀. Ẹni tí ó bá a ṣe é, àti ẹni tí kò jẹ́ kí ó bàjẹ́, gba tiwọn pẹ̀lú.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tí ń bọ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá kírun tán, ẹ má ṣe yára wọ bàtà. Ẹ wo òrùlé mọ́sálásí yín, ẹ wo ilé-kéwú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ lèmọ́mù yín nípa ẹni tí kò wá nítorí àìsàn. Ohun kan yóò wà níbẹ̀ tí ó bá ọwọ́ yín mu. Bí kò bá tilẹ̀ ju ìgbálẹ̀ lọ, ẹ mú un.

Ọlọ́hun kí ó forí ji àwọn tí ó ti lọ, kí ó gba iṣẹ́ wọn, kí ó sì má ṣe jẹ́ kí ìran tiwa jẹ́ èyí tí okùn já mọ́ lọ́wọ́. Àmín.